Ohun Tó Ń Pe Maradona Padà

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1994, ọ̀pọ̀ ilé ní Sùrùlérè àti Múṣin ni kò tètè sùn. Super Eagles ń bá Argentina gbá bọ́ọ̀lù ní Foxborough, lẹ́bàá Boston, nínú Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ. Samson Siasia ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Kò pẹ́ tí Claudio Caniggia fi dá méjì padà, ayọ̀ sì di ìbínú. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìkẹyìn, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun bí nọ́ọ̀sì, Sue Carpenter, bọ́ sórí pápá, ó di Diego Maradona lọ́wọ́ mú, ó ń mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wò. Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń rín lọ. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù fún Argentina mọ́ láéláé.

Ephedrine ni wọ́n bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe kokéènì. Mo sọ èyí kí a má baà purọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n kokéènì ti ń bá a gbé fún bí ọdún mẹ́wàá nígbà náà, apá ibẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ló sì kan àwa tí a ní ọmọ, àbúrò, ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ tí oògùn yìí ti mú. Ìbéèrè tí gbogbo irú ìdílé bẹ́ẹ̀ máa ń bi ara wọn lóru ni mo fẹ́ fi ìtàn Maradona dáhùn: kí ló dé tí ẹni tó ti sunkún, tó ti búra, tó ti lọ fún ìtọ́jú, tún fi ń padà síbẹ̀?

Ọmọ tálákà ni. Villa Fiorito, àdúgbò àwọn akúṣẹ̀ẹ́ létí Buenos Aires, ni ó dàgbà sí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló gbé e dé Barcelona lọ́dún 1982, ibẹ̀ náà ni ó sì sọ pé òun ti kọ́kọ́ fa kokéènì símú. Ní 1984 ó kọjá sí Napoli. Ó gba líìgì Ítálì fún wọn ní 1987, ó tún gbà á ní 1990, àwọn ará ìlú sì ń fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri bí ẹni ń bọ òrìṣà. Àwọn Camorra, ìyẹn àwọn jàǹdùkú tó ń darí òwò òkùnkùn ní ìlú náà, sọ ara wọn di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, oògùn kò wọ́n ọn mọ́.

Fíìmù tí Asif Kapadia ṣe nípa rẹ̀ ní 2019 fi bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ hàn wá. Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán lọ́jọ́ Sunday, ó ti bọ́ sí fàájì nìyẹn, títí di Wednesday. Láti Thursday, á wá máa sáré, á máa làágùn, kí ara rẹ̀ lè mọ́ kí Sunday mìíràn tó dé. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ara ènìyàn. Lójú tèmi, fèrè ìparí eré gan-an ti di ìpè. Eré parí, àwọn ọ̀rẹ́ dé, ọkọ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ara sì ti mọ ohun tó kàn kí ẹnikẹ́ni tó mú nǹkan jáde nínú àpò.

Nínú ọpọlọ wa ni ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dopamine. Òun ló ń sọ fún ara pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dára, fi í sọ́kàn, tún un ṣe. Bí ebi bá ń pa wá tí wọ́n gbé àmàlà síwájú wa, bí ọmọ wa bá yege, díẹ̀ á tú jáde, kò sì ní pẹ́ tí ọpọlọ á fi fà á padà sí àyè rẹ̀. Ojú ibi tí ó ń gbà padà yẹn ni kokéènì ń dí. Ẹ sáà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa tí ọ̀rá bá dí ojú gọ́tà tí òjò sì ń rọ̀: omi kò rí ibi gbà, ó kún bo títì. Ìkún omi yẹn ni adùn tí ẹni tó fa kokéènì ń jẹ. Kì í sì í pẹ́. Ẹni tó fà á símú lè jẹ adùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Ẹni tó mu èéfín rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà omi á fà, ẹrẹ̀ nìkan ni yóò kù: àárẹ̀, ìbànújẹ́, ìbínú láìnídìí. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù odindi fi lè lọ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn nìkan ni ọpọlọ ń há sórí. Ó ń há gbogbo ohun tó yí adùn náà ká sórí pẹ̀lú: ohùn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń fà á, orin tó ń lọ nígbà yẹn, bíà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń rà á, owó náírà tuntun tí wọ́n ká róbótó kí wọ́n tó kì í bọ imú. Lẹ́yìn ọdún kan tí ènìyàn ti jáwọ́, ó lè gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì, kí bébà tuntun tó le kankan yẹn kàn án lọ́wọ́, kí àyà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Àtẹ́lẹwọ́ á làágùn. Inú á máa ru bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Àwọn mìíràn a máa tọ́ oògùn náà wò lọ́fun, nígbà tí kò sí ohun kankan níbẹ̀. Òòfà yìí kì í ṣe ìrònú. Ara ló ń dáhùn kí ọkàn tó gbọ́.

Ní Yunifásítì Pennsylvania, Philadelphia, Anna Rose Childress àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ wo èyí láàyè. Wọ́n gbé fídíò síwájú àwọn ọkùnrin tó ti ń lo kokéènì tẹ́lẹ̀, fídíò àwọn tó ń ra oògùn tí wọ́n sì ń lò ó. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni àwọn apá ọpọlọ tó ń ru ìfẹ́ àti ẹ̀rù sókè ń gbiná. Ọdún 1999 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ní 2008 wọ́n ṣe èyí tó dẹ́rù bà mí jùlọ: wọ́n fi àwòrán oògùn han irú àwọn bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí ojú kò lè mọ̀ pé òun rí. Àwọn ènìyàn náà kò mọ̀ pé àwọn rí nǹkan kan. Ọpọlọ wọn mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò rẹ bá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo kàn rí ara mi níbẹ̀ ni,” má tètè pè é ní òpùrọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́ pátápátá.

Ní Ítálì, wọ́n ká kokéènì mọ́ Maradona lára lẹ́yìn tí Napoli bá Bari gbá ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1991. Wọ́n ní kó má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọlọ́pàá fi mú un nínú ilé kan ní Buenos Aires lórí ọ̀ràn oògùn kan náà.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ Maradona, ohun kan ṣoṣo ló ní agbára láti fà á kúrò nídìí oògùn: eré ọjọ́ Sunday. Láti Thursday títí dé Sunday, bọ́ọ̀lù ló ń dì í mú. Àwọn tó fi òfin dè é kò ṣe ohun tó lòdì sí òfin, ẹni tó bá jẹ̀bi gbọ́dọ̀ jìyà. Àmọ́ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdákọ̀ró tó kù, ohun tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un ni ọjọ́ méje tó ṣófo, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, àti owó. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bí a bá ti gbọ́ pé ọmọ ń fa nǹkan, a ó yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́, a ó tì í mọ́lé, a ó sì máa retí pé kí àìríṣe wò ó sàn.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tún wà tó ń pa wá lára, pé bí ó bá ti pẹ́ tí ènìyàn ti jìnnà sí oògùn, òòfà náà yóò kú fúnra rẹ̀. Ní 2001, Jeffrey Grimm, Yavin Shaham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìwádìí kan sínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Wọ́n kọ́ eku láti máa tẹ nǹkan kan kí kokéènì tó dé, iná àti ohùn á sì máa bá a dé. Wọ́n gba oògùn náà kúrò. Nígbà tí wọ́n tún fi àmì náà han àwọn eku lẹ́yìn oṣù méjì, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wá oògùn le ju ti ọjọ́ kìíní tí wọ́n gbà á kúrò lọ. Òòfà náà ń dàgbà nínú òkùnkùn. Ẹni tó lo oṣù mẹ́ta lábúlé tàbí lórí òkè àdúrà tó sì padà dé pẹ̀lú ara tó mọ́, tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, lè wà nínú ewu ju ẹni tó jáwọ́ lánàá lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ti parí.

Ti Maradona kò parí. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Sevilla, ó padà sí Argentina, ó lọ sí Boston fún Ife Àgbáyé 1994, wọ́n tún dè é. Ní 1997 àyẹ̀wò tún mú un ní Boca Juniors, ó sì fẹ̀yìn tì. Oṣù kìíní ọdún 2000 ni ó dákú lọ ní Punta del Este, ní Uruguay, àwọn dókítà sì bá kokéènì lára rẹ̀; ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó lọ gba ìtọ́jú ní Cuba, níbi tí ó gbé fún ọdún bíi mélòó kan. Ní oṣù kẹrin 2004 ọkàn náà tún fẹ́ dákẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó sọ pé òun jáwọ́ nínú kokéènì pátápátá. Ó bọ́ sórí tẹlifíṣàn, ó di kóòṣì Argentina, ó sì kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé 2010. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ó padà rí iṣẹ́ tó ń dì í mú. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 2020, ọkàn ló pa á, àyẹ̀wò kò sì bá kokéènì lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lo ogún ọdún kí ó tó bọ́, òun fúnra rẹ̀ sì bèèrè ní gbangba pé ṣé a mọ irú agbábọ́ọ̀lù tí òun ì bá jẹ́ ká ní òun kò fọwọ́ kan oògùn.

Ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa àti UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe, tí wọ́n pè ní ti 2018, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Nàìjíríà tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ó ju mẹ́rìnlá lọ tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní Èkó, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Igbó ló pọ̀ jù, tramadol àti omi ikọ́ tó ní codeine tẹ̀lé e. Àwọn tó ń lo kokéènì kò ju bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà wa ló ń gbà kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, àwọn NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, bá kokéènì tó lé ní tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ nínú ilé kan ní Ìkòròdú. Ibi tí ẹrù ń gbà kọjá, díẹ̀ á máa jò sílẹ̀ níbẹ̀.

Agbára ni a sábà máa ń fi dáhùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985, ìjọba ológun yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó, Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape, lábẹ́ Dìkíríì 20 ọdún 1984, òfin tí wọ́n mú kí ó padà sẹ́yìn lọ bá ẹ̀ṣẹ̀ tó ti wáyé kí ó tó dé. Òwò náà kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kọkànlá 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Òjòó, Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe, wọ́n sì kó ènìyàn 259 jáde níbẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè. Àwọn ẹbí tó mú wọn lọ síbẹ̀ kò kórìíra wọn, ọ̀rọ̀ ló sú wọn. Ṣùgbọ́n ṣẹkẹṣẹkẹ kò lè kọ́ ọpọlọ ní ohunkóhun nípa ọjọ́ tí wọ́n máa tú u. Ó yàtọ̀ sí ohun tí Thomas Adeoye Lambo ṣe ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, nígbà tó ní kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan tó ń tọ́jú rẹ̀, kó máa jí, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Kì í ṣe nítorí kokéènì ni ó ṣe é, síbẹ̀ mo rò pé ó yé Lambo pé ibi tí ènìyàn ń gbé wà lára oògùn rẹ̀.

Ẹ wá wo Yábàá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1907 ṣì wà ní Harvey Road, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ti ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí oògùn olóró. Ká ní ọmọ Múṣin kan parí ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ òní. Wọ́n fún un ní káàdì, wọ́n dá ọjọ́ tí yóò padà wá fún un, ìyá rẹ̀ sì ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Wọ́n wọ dáńfó. Ọkọ̀ gba Tẹ́júoṣó, ó dé Ojúẹlẹ́gba, ó yà sí Agege Motor Road. Kọ̀ndọ́tọ̀ ń pariwo: “Mọ́ṣáláṣí! Ìdí-Òrò! Ọlọ́sà!” Ìdí-Òrò ni wọ́n ti ń wọ Àkàlà, ibi tí àwọn NDLEA ti wọ̀ lọ kó oògùn láìmọye ìgbà. Ọkọ̀ kò tíì dúró. Ọmọ náà kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kọ̀ndọ́tọ̀ ti ké orúkọ náà, ara sì ti gbọ́.

Bí ìyá yẹn bá mọ ohun tí mo ń sọ yìí, kò ní gba ibẹ̀. Ó lè jẹ́ kí wọ́n gba Ikorodu Road, Fádèyí, Ònípanu, títí dé Palmgrove, kí wọ́n gba Ìlúpéjú wọ Múṣin, bí ó tilẹ̀ jìn tó sì gba owó ọkọ̀ sí i. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá wà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè gbà á sílé fún oṣù díẹ̀, tó sì ní iṣẹ́ gidi tí yóò fi lé e lọ́wọ́, èyí dára ju kí ó padà sí yàrá kan náà, lórí ibùsùn kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ kan náà lórí fóònù.

Òòfà ní ibi tí ó ń gùn dé kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹni náà kò bá fún un ní ohun tó ń bèèrè, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, yóò máa le sí i títí yóò fi pa á ni. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni láti bá a jókòó ní ìdajì wákàtí yẹn. Kí ọmọ náà lè sọ láìbẹ̀rù pé, “Màámi, ó tún ti dé o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dá jáde,” kí ìyá sì dáhùn pé, “Ó dáa, jókòó, bá mi bó ẹ̀gúsí yìí,” láìsí ègún, láìsí ìwàásù. Lọ́jọ́ owó oṣù, kí ó gbé owó náà fún ẹnìkan kí ó tó délé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di èyí mú, ẹ má fún mi lálẹ́ yìí bí mo bá tilẹ̀ bẹ̀ yín.” Kí ó sá fún bíà pẹ̀lú, nítorí bíà sábà máa ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà, àti nítorí pé bí ọtí àti kokéènì bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n ń di ohun mìíràn tó tún burú fún ọkàn. Bí àyà bá ń dùn ún lẹ́yìn tó lo kokéènì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún, kí wọ́n sì sọ òtítọ́ fún dókítà.

Kò tíì sí egbòogi kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún jíjáwọ́ nínú kokéènì bí methadone ṣe wà fún heroin, nítorí náà kí a ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ní àgbo tí yóò pa òòfà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan lára ohun tí ìwádìí fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí Stephen Higgins bẹ̀rẹ̀ ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1990: bí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá fi hàn pé ara mọ́, wọ́n á fún ẹni náà ní ẹ̀bùn kékeré lójú ẹsẹ̀, ẹ̀bùn náà á sì máa pọ̀ bí ó ṣe ń pẹ́. Ọpọlọ tí kokéènì ti kọ́ láti máa wá èrè kíákíá ni wọ́n ń fi èrè kíákíá mìíràn tún kọ́. Ìdílé lè ṣe irú rẹ̀ láìní owó púpọ̀: kí wọ́n sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé a rí ọ̀sẹ̀ tó fi mọ́ yìí, kí wọ́n se oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí wọ́n fi kún owó tó ń dá lọ́dọ̀ alájọ.

Bí ó bá sì tún ṣubú, tí ó sì wálé pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n, kí wọ́n jẹ́ kó sùn kó jẹun. Lọ́jọ́ kejì, dípò kí gbogbo ẹbí péjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, kí ẹnìkan tó gbọ́kàn lé bi í pé: “Kí lo rí ṣáájú? Ta ló pè ọ́? Owó wo ló wà lọ́wọ́ rẹ? Agogo mélòó ni?” Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mú un dání lọ bá dókítà ní Yábàá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀.